Omi gbọ́dọ̀ ṣáájú dáyámọ́ńdì dé ojú òkúta

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ gíráńdà tó ń mú ojú irin tẹ́jú ni mò ń lò. Òkúta funfun ló wà lórí rẹ̀, ó fẹ̀ tó 200 mm láti etí kan dé èkejì, ó nípọn tó 25 mm, ó sì ń yí nígbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan. Dáyámọ́ńdì ẹlẹ́nu kan ni mo fi ń tún ojú òkúta náà ṣe. Èyí tí mo rà kẹ́yìn kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ẹnu rẹ̀ fi dúdú, tó sì sán. Tí mo bá ti rí i pé ó ń gbóná, mo máa ń da omi sí i láti inú ìgò. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí kí n kúkú máa ṣe é láìsí omi rárá?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, owó ńlá ni dáyámọ́ńdì. Omi inú ìgò yẹn gan-an ló mú kó sán. Kì í ṣe pé omi kò dáa fún un; ó pẹ́ kó tó dé ni. Kó tó di pé ẹ rí i lára họ́dà, ìyẹn irin tí wọ́n de dáyámọ́ńdì mọ́ lórí, pé nǹkan ń gbóná, ẹnu dáyámọ́ńdì ti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Omi tútù wá bà á lójijì: ara ìta súnkì, inú ṣì wú, ó sì ya. Bí ife gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi híhó ṣe ń sán tí wọ́n bá rì í sínú omi tútù náà nìyẹn. Lóòótọ́, kò sí ohun tó le tó dáyámọ́ńdì nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ohun tó le tó báyẹn kì í tẹ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́.

Ọ̀nà méjì péré ló wà. Ẹ jẹ́ kí omi ti máa dà kí dáyámọ́ńdì tó kan òkúta, kó má sì dáwọ́ dúró títí dáyámọ́ńdì á fi kúrò níbẹ̀. Tàbí kí ẹ ṣe é ní gbígbẹ látòkèdélẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ìsinmi. Kò sí ọ̀nà kẹta láàárín méjèèjì. Omi tó ń dà tó ń dáwọ́ dúró burú ju kó má sí omi rárá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ooru náà ti ń wá àti ibi tó ń lọ, torí òun ló máa sọ ibi tó yẹ kí omi dé. Bí òkúta yín ṣe ń yí yẹn, ojú rẹ̀ ń sáré tó mítà 29 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn hóró òkúta náà ń jù, ojú ibi kan tí kò tó mìlímítà kan ló ń bà. Kábọ́ọ̀nù ni dáyámọ́ńdì, ọmọ ìyá èédú ni, tí ooru rẹ̀ bá sì tó nǹkan bí 600 sí 700 °C nínú afẹ́fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jóná díẹ̀díẹ̀. Dúdú tí ẹ rí lẹ́nu rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nù ún. Tó bá lọ, ìdọ̀tí ni. Tí kò bá lọ, ó ti jóná nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé dáyámọ́ńdì máa ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún bàbà. Ooru tó bá dé ẹnu rẹ̀ kì í dúró níbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń sá lọ, sínú irin tí wọ́n fi dè é mọ́ orí họ́dà. Họ́dà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ irin lásán, kì í tètè gbé ooru lọ. Ooru yóò wá kórajọ sídìí dáyámọ́ńdì. Tí ohun tí wọ́n fi jó o mọ́ họ́dà bá rọ̀, dáyámọ́ńdì á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín tó fẹ́ yọ, ohun tó bá sì ń mì lábẹ́ òkúta tó ń sáré báyẹn kò ní pẹ́ fọ́. Ìdí nìyí tí omi fi gbọ́dọ̀ wẹ orí họ́dà náà pẹ̀lú, kó má kàn jẹ́ ẹnu dáyámọ́ńdì nìkan.

Tí ẹ bá fẹ́ lo omi

Ẹ gbé ìgò yẹn kúrò ńbẹ̀. Pọ́ǹpù kúláǹtì (omi tí wọ́n po òróró mọ́ láti fi mú iṣẹ́ tutù) tó ń dà láìdáwọ́dúró ni ẹ nílò. Ẹ darí ẹnu páìpù sí ibi tí dáyámọ́ńdì àti òkúta ti ń pàdé, láti ìhà tí òkúta ti ń yí bọ̀, kí òkúta fúnra rẹ̀ lè gbé omi wọ ibi ìpàdé náà. Tó bá jẹ́ òdìkejì lẹ ti dà á, ńṣe ni òkúta á máa gbá a dànù kó tó débẹ̀.

Ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tí ojú kò rí: afẹ́fẹ́. Òkúta tó ń sáré máa ń wọ́ afẹ́fẹ́ yí ara rẹ̀ ká bí aṣọ, afẹ́fẹ́ yìí sì máa ń ti omi tí kò lágbára padà. Kí omi tó lè sáré tó ojú òkúta yín, ìtì pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ sún mọ́ 4.5 bar, ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tó wà lára ẹ̀rọ kékeré kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn ra pọ́ǹpù tuntun. Ẹ gé páálí ike tàbí irin pẹlẹbẹ kan, kí ẹ dè é gírígírí mọ́ ìbòrí òkúta, ṣáájú ibi tí omi ti ń wọlé, kí àlàfo rẹ̀ sí òkúta má ju 1 mm lọ. Á gé aṣọ afẹ́fẹ́ náà, omi lásán á sì ráyè wọlé. Bí òkúta bá ṣe ń jẹ kúrò, ẹ máa sún páálí náà tẹ̀ lé e. Ẹ tún mú ẹnu páìpù sún mọ́ ibi ìpàdé bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Ẹ tan òkúta, kó yí dé ìwọ̀n eré tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí kúláǹtì, kí ẹ dúró títí orí họ́dà á fi tutù rinrin tí omi ń ṣàn lára rẹ̀ láìgé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó jẹ́ kí dáyámọ́ńdì fara kan òkúta. Tí ẹ bá parí, ẹ kọ́kọ́ gbé dáyámọ́ńdì kúrò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti omi pa, kí òkúta sì máa yí lọ ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú bíi méjì kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe fo èyí tó kẹ́yìn yìí. Òkúta máa ń fa omi mu; tó bá dúró pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, omi á sọ̀ kalẹ̀ sí apá kan, apá yẹn á sì wúwo jù. Tí ẹ bá tún tan án, á máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn náà ló sì máa fi lu dáyámọ́ńdì.

Tí omi bá gé lójijì nígbà tí dáyámọ́ńdì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí fílítà dí tàbí tí omi inú táǹkì lọ sílẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣí omi padà lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tutù nínú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti kúláǹtì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dáa fún iṣẹ́ yìí: lítà kan òróró kúláǹtì sínú lítà 19 omi. Òróró ni kí ẹ máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú òróró, kó má baà dì. Kí ó sì mọ́. Ẹrẹ̀ òkúta tó bá wà nínú omi máa dí ẹnu páìpù díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí omi á fi yà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí dáyámọ́ńdì á máa jó ní gbígbẹ níṣojú yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní gbígbẹ

Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, dáyámọ́ńdì wọn sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ìjìn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí dáyámọ́ńdì ṣe ń wọnú òkúta tó lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju 0.01 mm lọ. Tí ẹ bá ti rékọjá ojú òkúta ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ gbé e kúrò, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tutù, ẹ jẹ́ kí òkúta dúró pátápátá, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́dà, kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Tí ẹ kò bá lè jẹ́ kí ọwọ́ wà níbẹ̀ láìfà á, kò tíì tó àkókò. Ẹ má fi àkísà tútù nù ún o, ìgò omi lẹ tún gbé dé yẹn.

Ẹ lè lo afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ láti mú un tutù, òfin kan náà ló wà fún un: kó ti máa fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì dúró láàárín. Àmọ́ á máa gbé eruku òkúta káàkiri, torí náà ẹ wọ gíláàsì ojú, kí ẹ bo imú pẹ̀lú ìbòmú eruku tó dáa, kí ẹ sì ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku nítòsí. Eruku yẹn kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró rárá.

Ooru tí ẹ kò jẹ́ kó wáyé kò nílò omi

Níbí gan-an ni mo rò pé àṣìṣe yín kejì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò bi mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí àwọn bá rọra wọ́ dáyámọ́ńdì kọjá, àwọn ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Òdìkejì ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ibi tí dáyámọ́ńdì fi ń kan òkúta fẹ̀ tó 0.5 mm. Ó tó kí ibì kọ̀ọ̀kan lójú òkúta kàn án nígbà mẹ́ta. Ìyẹn ni pé nínú ìyípo òkúta kan, dáyámọ́ńdì gbọ́dọ̀ sún nǹkan bí 0.17 mm. Ní ìyípo 2,800, á rìn tó 470 mm ní ìṣẹ́jú kan, á sì gba ojú òkúta yín tó nípọn 25 mm kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó lé díẹ̀. Tí ìyípo kan hándù ẹ̀rọ yín bá ń gbé tábìlì lọ 5 mm, ìyípo márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nìyẹn. Tí ẹ bá wá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣe é, ibì kan náà á kan dáyámọ́ńdì nígbà mẹ́sàn-án. Fífi ara ra ara ni gbogbo àlékún yẹn, kò gé nǹkan kan. Dáyámọ́ńdì á gbóná, hóró òkúta á kú, ojú òkúta á máa dán, iṣẹ́ yín á sì máa jóná. Ìparí iṣẹ́ nìkan, tí ẹ bá fẹ́ kí ojú irin dán dáadáa, lẹ lè dẹwọ́ eré rẹ̀ díẹ̀. Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró lójú òkúta.

Ìjìn náà ńkọ́? Pẹ̀lú omi, 0.01 sí 0.02 mm lẹ́ẹ̀kan tó. Ẹ má kọjá 0.025 mm láé. Ẹ sì kọ́kọ́ wá ibi tó ga jù lójú òkúta, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Etí òkúta ló sábà máa ń jẹ tán, àárín á ga. Tí ẹ bá wọn ìjìn yín láti etí tó ti jẹ kúrò, tí àárín sì fi 0.1 mm ga jù ú lọ, 0.02 mm tí ẹ rò pé ẹ ń gé á di 0.12 mm nígbà tí dáyámọ́ńdì bá débẹ̀. Omi kankan kò lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ wo ìdúró họ́dà náà. Dáyámọ́ńdì kò gbọ́dọ̀ nàró ganran kọ ojú sí àárín òkúta. Ẹ dà á ní ìwọ̀n 10 sí 15 dígírì, kí ẹnu rẹ̀ kọ ojú síbi tí òkúta ń yí lọ, kí ó sì kọjá àárín òkúta díẹ̀ síhà yẹn, bíi 5 mm. Lórí ẹ̀rọ tí òkúta rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago, apá òsì nìyẹn lábẹ́ òkúta. Nípa bẹ́ẹ̀, tí òkúta bá gbá a, á gbá a lọ síbi tí àyè ti ń fẹ̀, kò ní fà á wọnú ara rẹ̀. Kí họ́dà má yọ jáde gùn, kí ìdè rẹ̀ sì le gírígírí.

Ẹ máa yí họ́dà nídìí rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí i kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dé. Dáyámọ́ńdì tó dúró lójú kan á jẹ pẹrẹsẹ. Bí ibi pẹrẹsẹ yẹn bá sì ṣe ń fẹ̀ sí i ló máa ń fi ara ra òkúta dípò kó gé e. Ẹ fi gíláàsì awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnu tó ṣì ṣóńṣó, ẹ máa lò ó lọ. Pẹrẹsẹ tí yíyí kò mú kúrò mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún un dè, kí irin họ́dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan òkúta.

Etí yín náà wúlò. Ìró tó dáa dà bí ìgbà tí èèyàn ń da iyanrìn gbígbẹ sórí páànù, kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀. Tó bá ń han gooro, tàbí tó ń lu kọ́kọ́kọ́, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ wo ìdè, ìdúró àti omi.

Èyí tó ti sán lọ́wọ́ yín, ẹ má tún gbé e sábẹ́ òkúta mọ́, torí èérún rẹ̀ lè fò síni lójú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tún un dè yẹ̀ ẹ́ wò, torí tí sísán náà kò bá jìn wọnú, wọ́n lè yí dáyámọ́ńdì náà kí wọ́n sì lo ìgun rẹ̀ mìíràn. Kí ẹ tó fi òmíràn sí i, ẹ da omi sórí họ́dà lásán nígbà tí òkúta ń yí, láìjẹ́ kó fara kàn án, kí ẹ tanná tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rí àyè gbígbẹ kankan láàárín orí họ́dà àti òkúta, ẹ tún ẹnu páìpù darí.