Tí lẹ́ńsì kò bá jọ mold tó ti jáde, ìtutù ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi rèé: ìṣirò orí kọ̀ǹpútà sọ fún yín pé N-BK7, irú gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ńsì, tí ẹ fi ooru rọ̀ tí ẹ sì tẹ̀, kún mold (ohun tó ń fún lẹ́ńsì ní ìrísí) dé gbogbo igun, àmọ́ nígbà tí ẹ wọn lẹ́ńsì náà, àárín rẹ̀ fi micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) mélòó kan jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ti sọ mesh, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín gíláàsì sí fún ìṣirò, di kíkúnná, nǹkan kan kò yí padà. Kò lè yí padà náà.

Ibi títẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe yẹn ti ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi rí. Nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, gíláàsì rọ̀, ibi tí mold bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ. Tí ẹ bá ti mọ bó ṣe ń ki sí i bí ooru ṣe ń dínkù, ìyẹn tó fún títẹ̀. Àmọ́ tí ìtutù bá ti ń sún mọ́ 557°C, ìyẹn Tg ti N-BK7 (ìwọ̀n ooru tí gíláàsì rírọ̀ ti ń di líle), ètò inú gíláàsì kò lè bá ìtutù sáré mọ́. Ó ń rẹ̀yìn, títí yóò fi dì sí ibi tó bá dé. Ẹ̀gbẹ́ tó tètè tutù dì sí ipò kan, àárín tó pẹ́ dì sí òmíràn, sísúnkì wọn kò sì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀, lókè Tg, gíláàsì ń súnkì gan-an ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 8.3 tí wọ́n kọ sínú ìwé gíláàsì náà fún bó ṣe ń fẹ̀ tàbí súnkì (ìdá mílíọ̀nù fún 1°C kọ̀ọ̀kan), láti 20 dé 300°C péré ló wà fún. Tí ẹ bá lò ó látòkè délẹ̀, ibẹ̀ ni micron yín ti sọnù.

Structural relaxation, ìyẹn ìṣirò bí ètò inú gíláàsì ṣe ń rẹ̀yìn sí ìtutù, ni ẹ máa fi kún un, ti Tool, Narayanaswamy àti Moynihan tí wọ́n ń pè ní TNM. Ó wà nínú Ansys àti Marc, àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún irú ìṣirò yìí; tó bá jẹ́ Abaqus, ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ UEXPAN, kóòdù tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń fẹ̀ tàbí súnkì, kò sì dùn ún kọ. Prony series nìkan kò tó. Ìyẹn jẹ́ ìlà ìṣirò tó ń sọ bí stress, agbára tó há sínú gíláàsì, ṣe ń rọlẹ̀, kò sọ bí gíláàsì ṣe ń súnkì.

Kí ẹ tó kọ kóòdù kankan, ẹ tẹ lẹ́ńsì méjì nínú mold kan náà, ooru kan náà, agbára kan náà. Kí ọ̀kan tutù kíákíá, kí èkejì tutù wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí àárín wọn bá yàtọ̀, ẹjọ́ ti parí. Ẹ tún gbé wọn sínú polariscope, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn ibi tí stress wà nínú gíláàsì: èyí tó tutù kíákíá ni ìmọ́lẹ̀ máa yí etí rẹ̀ ká jù. Refractive index rẹ̀ (bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí) náà á lọ sílẹ̀ díẹ̀, torí náà tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé bá sún, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìrísí lẹ́ńsì.

Òmíràn: inú mold ni thermocouple yín, ohun tó ń wọn ooru, wà, kò sí nínú gíláàsì. Nítòsí Tg, ìyàtọ̀ 10°C péré lè sọ kíki rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí gíláàsì bá sì ti súnkì kúrò lára mold níbì kan, nitrogen, gáàsì tí ẹ fi ń tutù ú, tó wọ àlàfo yẹn ni ooru ń gbà kọjá, kò fara kan mold tààrà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ìṣirò bá ti bá ìwọ̀n mu, ẹ gbẹ́ òdìkejì àṣìṣe náà sára mold. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fìdí bí ẹ ó ṣe máa tutù rẹ̀ múlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi kún nitrogen lẹ́yìn náà torí kí iṣẹ́ lè yá, ẹ máa tún mold yẹn gbẹ́ ni.