Kí Ẹ Tó Dárúkọ Iye Owó fún Síkáòtù

Ìyá wa tí ẹ kọ̀wé láti Georgia, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú yunifásítì kan, ṣùgbọ́n àwọn síkáòtù, ìyẹn àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ eré kiri fún àwọn ẹgbẹ́ MLB (líìgì bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà), kò jẹ́ kí fóònù yín sinmi, wọ́n ń bèèrè iye tí ọmọ náà máa gbà tí yóò fi pa yunifásítì tì. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ dárúkọ iye kan, àti bóyá ó yẹ kí kóòṣì yunifásítì gbọ́ sí i. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dé bá wa ní Houston lọ́dún 2022, ojú wa sì rí màbo, nítorí náà ẹ fara dà á bí àlàyé mi bá gùn.

Bí ètò draft, tí àwọn ẹgbẹ́ MLB fi ń yan ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe ń lọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ìpele 20 ni, oṣù keje ni wọ́n ń ṣe é, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama sì wà lára àwọn tí wọ́n lè yàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ owó wọn tó sì wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, wọn kò tún lè yàn án mọ́ títí yóò fi parí ọdún kẹta níbẹ̀ tàbí kí ó pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó bá gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì lọ ni wọ́n lè yàn lọ́dọọdún.

Ẹ má jẹ́ kí ìpè àwọn síkáòtù náà wú yín lórí jù. Láti ìpele kìíní dé ìkẹwàá, MLB ti kọ iye owó kan sí iwájú ipò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ àwọn iye yìí sì ni àpò tí ẹgbẹ́ kan ní láti ná fún àwọn ọmọ tó bá yàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá yan ọmọ kan tí ọmọ náà kò sì buwọ́ lùwé, iye tó wà níwájú ipò rẹ̀ yọ kúrò nínú àpò náà, wọn kò sì lè fi í kún ti ẹlòmíràn. Ẹ̀rù pé ọmọ yín lè kọ̀ wọ́n ló ń mú kí wọ́n máa pè. Iye tó kéré jù lọ tí yóò fi gbà ni wọ́n ń wá.

Tiwa nìyí. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ mi, ọwọ́ òsì sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ajubọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn síkáòtù ṣe sọ ẹ̀yìn ọgbà iléèwé rẹ̀ di ọjà. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé 400,000 dọ́là ni a fẹ́. Ní ọjọ́ kejì draft, ní ìpele karùn-ún, síkáòtù kan pè pé ẹgbẹ́ òun yóò san 350,000, ṣùgbọ́n kí n dáhùn kó tó kàn wọ́n, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìyá ọmọ náà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e. Ọmọ náà dúró tì mí, ó ń wò mí lẹ́nu. Mo ní a gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé kúlà wọlé, àwọn kan tilẹ̀ ti ń pè mí ní bàbá olówó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé wa lọ síbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń gbára dì, kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ara. Wọ́n fún ọmọ mi ní fìlà wọn, ó sì dé e lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ já bébà tó so mọ́ etí rẹ̀. Dókítà wọn ya àwòrán MRI ìgúnpá rẹ̀, ó wò ó, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan láti ọ́fíìsì wọn pè pé iṣan inú ìgúnpá náà kò rí bó ṣe yẹ, pé 120,000 ni àwọn lè san báyìí. Mo ní kí wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́ kí dókítà mìíràn wò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi lóhùn, kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nínú wọn. Olùdámọ̀ràn tí a gbà, tó máa ń pè wá ní aago méje òwúrọ̀ nígbà tí 350,000 wà nílẹ̀, kò gbé fóònù mọ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, aago mẹ́rin ọ̀sán tiwa, ni gbèdéke láti buwọ́ lùwé. A jókòó ní kíṣìnnì, à ń wo aago ara máíkíróweefù. Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú wọ́n pè, wọ́n ní 140,000, ó parí. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé apá mi ti bàjẹ́ ni?" N kò ní ìdáhùn tí mo lè fún un. A kò buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi owó ara mi ya àwòrán mìíràn, dókítà ìgúnpá kan ní Houston sì sọ pé kò yàtọ̀ sí ti ọmọkùnrin èyíkéyìí tó bá ti ń ju bọ́ọ̀lù láti kékeré. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀bẹ kan apá náà.

Kí ẹ má bàa rò pé irọ́ ni àwọn dókítà ẹgbẹ́ máa ń pa nígbà gbogbo, ẹ wo ọ̀rọ̀ ajubọ́ọ̀lù Brady Aiken. Ẹgbẹ́ Astros yàn án ṣáájú gbogbo ọmọ lọ́dún 2014, wọ́n fẹnu kò sí 6.5 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n wo ìgúnpá rẹ̀, wọ́n gé owó náà, òun náà sì kọ̀. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ohun tó ń dùn mí nínú tiwa ni pé ọ̀nà wà tí ìbá fi sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣáájú draft, MLB máa ń pe àwọn ọmọ kan sí àyẹ̀wò ara. Ẹni tó bá ṣe é, ẹgbẹ́ tó bá yàn án kò lè fún un ní ohun tó dín sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tó wà níwájú ipò rẹ̀. Wọ́n pe ọmọ mi. Olùdámọ̀ràn wa ló ní ká má lọ, pé ẹni tó bá ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń rí àbùkù rẹ̀. Bí ìwé ìpè bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ lọ.

Lórí olùdámọ̀ràn náà, ẹ ṣọ́ra. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti gbà kí aṣojú, ìyẹn irú olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀, bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà fún ọmọ iléèwé girama tí wọ́n yàn, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá buwọ́ lùwé, ó gbọ́dọ̀ já okùn aṣojú náà kó tó wọ yunifásítì. Ṣáájú ìgbà náà, nítorí pé agbẹjọ́rò ajubọ́ọ̀lù Andy Oliver wà nínú yàrá nígbà tí ẹgbẹ́ Twins wá bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́dún 2006, NCAA dá Oliver dúró ní yunifásítì Oklahoma State lọ́dún 2008. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì san 750,000 dọ́là fún un kí ọ̀rọ̀ lè tán. Èmi kọ̀wé bèèrè òfin yìí lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ NCAA kan, nọ́ńbà òfin nìkan ni ó fi ránṣẹ́ sí mi, bí ẹni ń ju egungun sí ajá.

Ẹ má sì rò pé kóòṣì yunifásítì ń lu ìlù dè wá. Bó ti gbọ́ pé ìpele karùn-ún ni wọ́n ti yan ọmọ mi, ó gba ọmọ méjì láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó ní owó tó wà nínú ìwé wa kò yí padà, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ìgbà tí ọmọ náà máa rí bọ́ọ̀lù jù. Inú bí mi gan-an, àmọ́ mo ti wá rí ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kíkún 11.7 péré ni wọ́n ní nígbà náà láti pín fún gbogbo ẹgbẹ́, kò sì mọ ta ni yóò dé lóṣù kẹjọ. Yunifásítì East Carolina ti ń retí Mike Trout lọ́dún 2009 kí ẹgbẹ́ Angels tó mú un lọ. Yunifásítì Oregon ń retí Demi Orimoloye, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, kí ẹgbẹ́ Brewers tó yàn án ní ìpele kẹrin lọ́dún 2015. Láti 2025, òté 11.7 ti kúrò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wọ àdéhùn tuntun NCAA, ṣùgbọ́n ọmọ 34 péré ni wọ́n lè kó jọ, èyí tó túbọ̀ nira fún ọmọ tó bá dé lẹ́yìn tí àyè ti kún. Ọmọ mi yí gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní Texas, ó sì ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó tó ríbi gidi lọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dárúkọ iye kan, nítorí bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á fò yín kọjá. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà àti bàbá rẹ̀, ẹ yọ owó orí àti ti aṣojú kúrò, ẹ rántí pé 19,800 dọ́là lọ́dún ni wọ́n ń san ní líìgì tó kéré jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, kí ẹ tó mọ iye tó tó fi yunifásítì sílẹ̀ fún. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ yóò san bá wà nínú àdéhùn, ẹ kà á dáadáa, nítorí ọdún méjì péré ni ọmọ náà ní láti fi padà sílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù Gerrit Cole kọ ẹgbẹ́ Yankees lọ́dún 2008, ó lọ sí yunifásítì UCLA, wọ́n tún yàn án, ó sì gba mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò yẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, n kò sì mọ ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iye tí ẹ bá sọ fún síkáòtù ni kí ẹ sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀, kí ó má bàa ní òun kò gbọ́. Ní ọjọ́ kejì draft, kí bàbá ọmọ náà má ṣe rin ìrìn àjò kankan. Orúkọ dókítà ìgúnpá tó wò ó fún wa wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi í ránṣẹ́.