Kẹ́ ẹ tó lọ wẹ̀ ní hamam ní Istanbul

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń lọ kó ọjà ní Laleli, àdúgbò ọjà kan ní Istanbul, tí ẹ ní ọjọ́ kan máa ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbádùn ara yín, tẹ́ ẹ wá ń béèrè bóyá ó yẹ kéèyàn náwó sí hamam, ìyẹn ilé ìwẹ̀ olóoru tàwọn ará Tọ́kì, àti bóyá ìhòòhò ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ o. Ẹ ṣáà má tẹ̀ lé àwọn tó ń pín ìwé ìpolówó lójú títì, torí gbogbo ohun tí wọ́n máa kà fún yín ni másáàjì olóróró, amọ̀ tí wọ́n ń fi pa ojú, tíì, èso, kí ni kan kí ni kan, tí owó á sì máa gorí owó. Ooru lẹ ń sanwó fún jàre. Tí ooru yẹn ò bá tíì wọ̀ yín lára dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ yín, owó yín ti wọmi nìyẹn, kódà kó jẹ́ pé inú ààfin ni wọ́n ti fọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Láàárín yàrá tó gbóná jù, òkúta mábù ńlá pẹrẹsẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní göbektaşı. Láyé àtijọ́ iná igi ni wọ́n ń dá lẹ́yìn ilé, ooru àti èéfín á gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, á gba inú ògiri gòkè, ìyẹn ni òkúta yẹn fi ń gbóná láti ìsàlẹ̀. Orí ẹ̀ lẹ máa sùn sí, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí òógùn á fi máa ṣàn wọnú etí yín. Ìgbà yẹn ni òkú awọ tó wà lára máa ń rọ̀. Obìnrin tó ń fọ èèyàn, natır ni wọ́n ń pè é (tellak ni tàwọn ọkùnrin), á wá ki ọwọ́ bọ kese, ìbọ̀wọ́ kan tó ń ha ni lára bíi kànìnkànìn tuntun, á fà á láti èjìká wá sí ọrùn ọwọ́, ẹ ó sì rí ìdọ̀tí tó ń ká jọ lára yín wínníwínní, ó rí bí eérú. Èmi tí mo ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́! Ojú tì mí. Natır yẹn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kàn gbé apá mi sún mọ́ mi lójú, ó ní "bak, bak", kí n wò ó dáadáa, ó bá da omi lé e, ó tún mú apá kejì.

Torí náà, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan para. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún wa láti jáde láìpara, àgàgà tí òtútù ibẹ̀ bá mú, àmọ́ tí ọ̀rá bá ti wà lára, kese á kàn máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ ni, kò ní mú nǹkan kan kúrò. Ẹ má fá irun ẹsẹ̀ tàbí ti abíyá lọ́jọ́ náà, á ta yín gan-an. Ẹ má jẹun yó lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu omi dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó lóyún, kó bi dókítà rẹ̀ ná.

Hamam kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo débẹ̀, èrò kún bámúbámú, mi ò tíì làágùn rárá tí wọ́n ti fà mí dìde, kese wéré, ọṣẹ wéré, omi ṣàà, ó parí, ẹlòmíì ń bọ̀, natır sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè bahşiş, ìyẹn owó ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbà. Owó tí mo san níbẹ̀ ju ti ibi tí wọ́n ti fọ̀ mí dáadáa lọ o. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn èrò arìnrìn-àjò tó ya dé. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ní káńtà pé ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lórí òkúta kí wọ́n tó fọ̀ yín, ṣé ẹ sì lè pa dà sórí ẹ̀ tí wọ́n bá fọ̀ yín tán. Tí wọ́n bá ti ń ṣe kámikàmìkámi, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan tó sún mọ́ yín ni Çemberlitaş Hamamı. Ẹ wọ tram T1, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ní Laleli, ibùdókọ̀ kejì ni, ẹsẹ̀ gan-an lè gbé yín débẹ̀. Mimar Sinan ló ya àwòrán ilé náà, Nurbanu Sultan ìyá Ọba Murad Kẹta ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1584 ni wọ́n parí ẹ̀. Apá ọkùnrin yàtọ̀ sí tobìnrin. Tọkùnrin ṣì ní gbọ̀ngán ńlá ìbọ́ṣọ àtijọ́, tiwa ni wọ́n wó nígbà tí wọ́n ń fẹ títì (ta ni wọn ì bá tún wó tiẹ̀!), àmọ́ yàrá gbígbóná yẹn ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tẹ́ ẹ wòkè, ẹ ó rí àwọn ihò róbótó tí wọ́n fi gíláàsì dí lára òrùlé, oòrùn á máa gba ibẹ̀ wọlé.

Hamam Kılıç Ali Paşa ní àdúgbò Tophane náà dáa, iṣẹ́ Sinan ni, àwọn obìnrin ló ni àárọ̀ sí ọ̀sán, ọkùnrin ló ni ìrọ̀lẹ́, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Cağaloğlu ni ti àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò, ọdún 1741 ni tiẹ̀, Ọba Mahmud Kìíní ló kọ́ ọ kí owó tó bá ń wọlé níbẹ̀ lè máa lọ sí ilé ìkàwé tó wà ní mọ́ṣáláṣí Ayasofya (Hagia Sophia). Nígbà tó di 1768, Ọba Mustafa Kẹta ní kí wọ́n má kọ́ hamam ńlá mọ́, torí omi àti igi ìdáná tí wọ́n ń jẹ ti pọ̀ jù.

Ti ìhòòhò tẹ́ ẹ béèrè. Wọ́n á fún yín ní peştemal, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan báyìí tẹ́ ẹ máa ró. Ọkùnrin kì í tú tiẹ̀ títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ tán. Ní tàwọn obìnrin, pátá lọ̀pọ̀ ń wọ̀, wọn kì í bo àyà, àmọ́ tó bá wù yín kẹ́ ẹ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Níbi tí obìnrin bá ti dá wà, obìnrin ló ń fọ obìnrin. Àwọn kan wà fún tọkọtaya àti mọ̀lẹ́bí, bíi ti Süleymaniye, ọkùnrin ló ń fọ gbogbo èèyàn níbẹ̀, ẹ yáa mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ bọ́ ṣéènì wúrà sílẹ̀, ó máa ń gbóná mọ́ ọrùn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà, ẹ bọ́ ọ, kese á fà á já.

Lẹ́yìn kese ni ọṣẹ. Wọ́n á ki àpò aṣọ kan bọ inú omi ọṣẹ, wọ́n á jù ú fẹ́ẹ́ kí atẹ́gùn wọnú ẹ̀, wọ́n á wá fún un láti òkè wálẹ̀, ìfófòó á ya bò yín látọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ ò fi ní rí ara yín mọ́. Ibẹ̀ nìkan ì bá tó mi. Ẹ ṣáà ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá di irun alátááṣì, torí wọn kì í sọ fúnni kí wọ́n tó da omi léni lórí, irun yẹn á wúwo, kò sì ní gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wé fìlà ìwẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ nawọ́ sí orí yín kẹ́ ẹ mi ọwọ́, á yé wọn. Ẹ má retí odò ìlúwẹ̀ẹ́ o, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn sínú agbada mábù ni wọ́n ń bù.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má kó ọjà kankan lọ́jọ́ náà, gbogbo oríkèé ara á ti dẹ̀. Ní ti iye owó, yúrò lọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ ọ́, wọ́n sì ń yí i pa dà léraléra, ẹ wò ó lórí ìkànnì hamam náà fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì bá yín rà á, torí á bu tiẹ̀ lé e.