Èsì: Pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí ilé ìwé ń kó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sweden

Màmá Surulere, ẹ kú làálàá. Ẹ bèèrè bóyá pásípọ́ọ̀tù ọmọ yín, tó máa parí lóṣù Kẹsàn-án, tó fún ìrìn àjò náà. Kò ní tó. Físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Sweden, ń fẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù 3, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ọmọ máa kúrò lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń padà ní 20 oṣù Keje, pásípọ́ọ̀tù náà gbọ́dọ̀ dé 20 oṣù Kẹwàá.

Kí ẹ tó lọ ṣe tuntun ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù Ìkòyí, ẹ fi orúkọ inú NIN wé ti ìwé ọjọ́ ìbí, lẹ́tà sí lẹ́tà. "Seun" níbí, "Oluwaseun" lọ́hùn-ún: ibẹ̀ ló ti máa ń há.

Ọmọ ọdún 14 ni, nítorí náà bàbá àti ìyá ló máa fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Kóòṣì kò lè bá yín fọwọ́ sí i o.