Bí ibà bá ti ń mú aláìsàn sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró di àárọ̀

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ irun ni mo ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dún 2023 tí wọ́n gbé Madonna, olórin Amẹ́ríkà nì, lọ sílé ìwòsàn lójijì, odidi ọjọ́ kan la fi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kan ní oògùn olóró ló lò jù, àwọn kan ní iṣẹ́ abẹ tó ń ṣe sójú ló fà á. Oníbàárà mi kan ní àkóràn lásán kò lè gbé ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀ dálẹ̀, pé ọwọ́ ayé ni. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àfi lóṣù tó kọjá tí ìyá ọkọ mi ṣàìsàn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ìtọ̀ ń ta àwọn, a bá wọn ra kapusù. Lọ́jọ́ kẹta, òtútù mú wọn débi pé bẹ́ẹ̀dì ń mì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò wọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ní àwọn òkú ló ń pè wọ́n, ká máa gbàdúrà. Ọkọ mi ló fàáké kọ́rí, ó gbé wọn lọ sí Adó lóru. Ara wọn ti yá báyìí, a dúpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé àkóràn nìkan lè ṣe èèyàn báyẹn? Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó ti kọjá ohun tí a lè tọ́jú nílé? Ṣé kí n máa tọ́jú oògùn apakòkòrò bíi kapusù yẹn pamọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu màmá. Ẹ bá mi kí ọkọ yín gidigidi, torí ìpinnu tó ṣe lóru ọjọ́ yẹn ló gba ìyá rẹ̀ là. Mo ti rí àwọn ìyá àgbà ní yàrá pàjáwìrì wa tí wọ́n fi irú rẹ̀ jókòó sílé fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n á fi gbé wọn dé, kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, àkóràn nìkan lè ṣe é, kò nílò olùrànlọ́wọ́ kankan. Ohun tí wọ́n sọ fún aráyé nípa Madonna nígbà náà kò pọ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ni àìsàn náà kọlù ú. Nígbà tó di ọjọ́ 28, Guy Oseary tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ kéde pé àkóràn bakitéríà tó le gan-an ni, àti pé ó ti lo ọjọ́ mélòó kan ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Kò dárúkọ kòkòrò náà, kò sì sọ ibi tó gbà wọlé. Ibi tó dákẹ́ sí yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ àròsọ, láti Amẹ́ríkà títí dé ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni ọdún 64 ni Madonna nígbà náà, ó ń múra ìrìn àjò orin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà lóṣù Keje. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó ní àwọn ọmọ òun ni òun kọ́kọ́ rò nígbà tí òun lajú nílé ìwòsàn. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, ó ti wà lórí ìtàgé ní London.

Jim Henson kò rí bẹ́ẹ̀ bọ́. Ará Amẹ́ríkà ni òun náà, ọmọláńgidi ló fi ń ṣeré lórí tẹlifíṣàn títí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀fun ló kọ́kọ́ ń dùn ún, ó sì fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó máa dé ilé ìwòsàn ní New York, bakitéríà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kò lo ọjọ́ kan pé níbẹ̀ tó fi kú, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1990, lẹ́ni ọdún 53. Ṣé ẹ rí i pé owó àti òkìkí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rèé. Kòkòrò lè gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé bíi ti màmá, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gba ojú ọgbẹ́ tí àdá tàbí ìṣó ṣá ní oko, tàbí ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ. Ara á dìde láti bá a jà. Nígbà mìíràn ìjà náà á wá kọjá ààlà, bí ẹni tó ń lé ejò tó wá dáná sun ilé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ àti kíndìnrín bó ṣe yẹ. Èyí ni àwa oníṣègùn ń pè ní sepsis. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dún 2017, nǹkan bíi mílíọ̀nù 49 èèyàn ló ní in káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 nínú wọn sì kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó mú tó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Nítorí náà, nígbà tí màmá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀, ọpọlọ wọn ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ dáadáa. Nínú gbogbo àmì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, èyí ló ṣe pàtàkì jù lórí àgbàlagbà, òun náà là ń ṣì túmọ̀ jù nílẹ̀ wa. À á ní ọjọ́ ogbó ni, à á ní wọ́n ti ń rí àwọn ará ọ̀run. Ẹni tó dá yín mọ̀ lánàá, tó ń ka owó ọjà tí kì í ṣìṣe, tí kò mọ ilé tó wà lónìí, àìsàn ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ogbó. Ogbó kì í dé lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àmì kejì ni èémí, ẹ sì lè kà á fúnra yín. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé e níkùn, ẹ wo aago orí fóònù yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí ikùn gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú kan pípé. Ẹ má sọ fún un pé èémí lẹ̀ ń kà, torí ẹni tó bá mọ̀ á máa mí bí kò ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà tó ń sinmi kì í sábà ju 20 lọ. Bó bá ti di 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àkóràn wà lára, ẹ gbéra. Àwọn ọmọdé ń yára mí ju àgbà lọ, ẹ má fi iye yìí díwọ̀n tiwọn. Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, tó rọ jọwọrọ, tàbí tí gìrì mú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ tún wo ìtọ̀: ẹni tí kò tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ewu ń bẹ. Ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n tutù tí wọ́n sì ń làágùn. Ara dúdú wa kì í tètè fi àyípadà àwọ̀ hàn, nítorí náà inú ètè, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò bóyá ó ti funfun tàbí ó ti ń dà bí eérú. Ẹ má sì jẹ́ kí ara tútù tàn yín, torí àgbàlagbà lè ní sepsis kí ara rẹ̀ má gbóná rárá.

Bí àyẹ̀wò bá sì fi ibà ẹ̀fọn hàn, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé kò sí nǹkan mìíràn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà náà ni Ọ̀wọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní ibà Lassa, oògùn apakòkòrò kì í sì í ran ìyẹn.

Ìyẹn gbé mi dé ìbéèrè yín kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́jú oògùn apakòkòrò pamọ́ sílé. Kapusù tí ẹ rà fún màmá lè má jẹ́ irú èyí tó ń pa kòkòrò tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi yín lọ́kàn balẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Mi ò dá yín lẹ́bi, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìyá wa ni. Èyí tí a bá sì ń lò ní méjì-méjì ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn, ó tún lè jẹ́ kí àyẹ̀wò wa pòfo. Ẹni tó bá ti dé àyè yẹn, ẹ̀jẹ̀ la máa gbà fún àyẹ̀wò, a ó fa omi sí i lára, a ó sì gún oògùn sínú iṣan rẹ̀. Bí ìfúnpá bá ti já, láàárín wákàtí kan àkọ́kọ́ la fẹ́ kí oògùn yẹn ti wọlé. Kapusù inú dúrọ́ọ̀ kò lè ṣe ìyẹn.

Nípa ọ̀rọ̀ ọwọ́ ayé, mi ò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ gbàdúrà nínú mọ́tò. Ohun tó ń dùn mí ni wákàtí tí a fi ń wá ẹni tó ṣe é. Nígbà tí Fẹlá kú lóṣù Kẹjọ 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde ní gbangba ó ní àrùn AIDS ni. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn òjijì, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n mo ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní pé ó dárúkọ àìsàn náà. Ẹni tó bá gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù lè fi tirẹ̀ pamọ́ nígbà tó bá kàn án, pàápàá àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí oyún bàjẹ́ lára wọn.

Láti Ìkẹ́rẹ́, Adó kò jìnnà: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lápá Ìjerò àti Mọbà lè forí lé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ti lò dání, àti àgbo pẹ̀lú. A kò ní bá yín jà. Bí ẹ bá ti dé, ẹ má kàn sọ pé ibà ni. Ẹ ní, “Ìtọ̀ ti ń ta wọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò dá wa mọ̀ mọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù sepsis ń bà wá.” Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ wá owó wá ná, ẹ rán an létí pé abala 20 nínú Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn tó tó ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u.

Ní ti màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn tí wọ́n kọ fún wọn dúró nítorí pé ara ti yá. Ó lè rẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì lè máa gbàgbé nǹkan, ẹ ṣe sùúrù fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí ìtọ̀ ṣúgà máa ń ṣílẹ̀kùn fún irú àkóràn yìí. Bí ìtọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ìtọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ tó ra ohunkóhun.