Ẹ Bi Wá: Omi Efinrin àti Ọmọ Tó Ń Ya Ìgbẹ́ Gbuuru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́sàn-án, ó sì ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Ìyá ọkọ mi gbo ewé efinrin, wọ́n bu iyọ̀ sí i, wọ́n sì ń fi ṣíbí fún un mu. Wọ́n ní bí àwọn ṣe tọ́ ọkọ mi nìyẹn. N kò fẹ́ tàbùkù wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyá ọlọ́mọ, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì bá wa kí ìyá, nítorí wọn kò ṣi ewé já. Ewé inú ni efinrin ní tòótọ́. Ẹni tó bá fi ìka rún ewé rẹ̀ kan ṣoṣo yóò rí i pé òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Òróró inú ewé ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀, èyí tó sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró efinrin ilẹ̀ wa ni thymol, tí àwọn tó ń ṣe oògùn ìfọnu náà ń lò nítorí pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Ní ilé àyẹ̀wò, òróró yìí ti ṣẹ́gun díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí inú bá ń run àgbàlagbà, efinrin ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń já. Bí wọn kò bá sè é mọ́ ẹja nínú ọbẹ̀ ata, wọn a gbo ó mu.

Ṣùgbọ́n nínú ìgbẹ́ gbuuru, ohun tó sábà máa ń pa ọmọdé ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára rẹ̀, omi efinrin ṣíbí méjì kò sì lè dá wọn padà. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Èyí tó kù níhìn-ín ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, ní ilé ìtajà oògùn, kí ẹ sì pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi lítà 1 tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ léwu fún ọmọ, ìdí sì nìyí tí iyọ̀ tí a kàn fi ọwọ́ bù sínú àgbo fi ń kọ wá lóminú. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fún un ní bíi mílílítà 50 sí 100, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì dá ọmú dúró. Ẹ béèrè oògùn zinc pẹ̀lú: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń fún ọmọ tó ti ju oṣù 6 lọ.

Ẹ tún wo omi tí wọ́n fi gbo ewé náà. Ewé tí adìẹ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a gbo sínú omi kànga tí a kò sè, lè gbé àrùn mìíràn wọ inú ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ mu omi ewé kankan. Bí ojú ọmọ yín bá jìn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wọnú, tó ń sunkún láìsí omijé, tí kò lè mu nǹkan mọ́ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní ti ìyá, ẹ fa ife ORS náà lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí àwọn fúnra wọn máa fi ṣíbí fún ọmọ. Olùtọ́jú tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Àràárọ̀ ni mo ń mu omi efinrin, ṣúgà ara mi sì ti wálẹ̀. Ǹjẹ́ mo lè pa oògùn ilé ìwòsàn tì? — Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Rárá o, Bàbá. Lára eku ni èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò tó fi hàn pé efinrin ń dín ṣúgà kù ti wáyé, kò sì sí ìwọ̀n kan tí dókítà lè kọ fún yín. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ewé àti oògùn lè pawọ́ pọ̀ fa ṣúgà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, tí òógùn bò yín, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 mọ́ omi, kí ẹ mu ún kíá. Bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá wà nílé, ohun tó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL ti kéré jù. Ìdó-Èkìtì tí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà kò jìnnà sí yín, ẹ sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa efinrin náà láti ẹnu yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń sá fún efinrin? — Ọ̀dọ́ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ó ń sá fún òróró rẹ̀, ṣùgbọ́n òróró náà kì í pẹ́ fò lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò lè ṣe púpọ̀, nítorí inú ewé ni òróró ń wà títí a ó fi rún un. Ẹ máa sùn sínú àpò ẹ̀fọn olóògùn. Fún ọbẹ̀, ẹ gbìn ín nígbà òjò láti ara ẹ̀ka tàbí irúgbìn, kí ẹ sì máa ké òdòdó rẹ̀ bó bá ti yọ, kí ewé lè máa pọ̀ sí i.