Èrò kì í ṣe irọ́ o, tíṣà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. JS2 ni mò ń kọ́. A ka àyọkà kan nípa Cocoa House n'Íbàdàn, mo ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ òótọ́, kí wọ́n fi èrò ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan fàlà sábẹ́ "òun ló rẹwà jù ní gbogbo Ìbàdàn", mo ní rárá, ó ní "Mà, ṣebí òótọ́ ni?", ni gbogbo kíláàsì bá gbè é lẹ́yìn. Báwo ni kí n ṣe é? (Tíṣà kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo rárá, ọ̀rọ̀ tá a fún un ló dà á láàmú. Tẹ́ ẹ bá ti pe èkíní ní òótọ́, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni pé irọ́ lèkejì, ta ló sì fẹ́ kí wọ́n pe ohun tóun fẹ́ràn nírọ́? Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fọ́dún púpọ̀ kí n tó jáwọ́. Ẹ bi wọ́n báyìí dípò ẹ̀: "Kí la lè lọ wò, tàbí ká lọ kà, tó máa parí àríyànjiyàn yìí?"

Ẹ wá kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé 1965 ni wọ́n parí Cocoa House. Àkọsílẹ̀ wà, ó tán. Ẹ tún kọ ọ́ pé àjà 40 ló ní. Wọ́n á pariwo "irọ́!", wọ́n á fẹ́ kó o sọ́dọ̀ èrò, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́, ẹ ní báwo lẹ ṣe mọ̀ pé irọ́ ni? Torí pé àjà ilé ṣeé kà ni, 26 ló sì jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀wò ni, a yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí bẹ́ẹ̀, kì í wá ṣe èrò. Àmọ́ kò sí téèpù tí wọ́n fi ń wọn ẹwà, ẹlòmíì á ní Mapo Hall lòun fẹ́ràn, kò sì parọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ "mo rò pé" nìkan o, ó máa ń tàn wọ́n jẹ. "Mo rò pé 1965 ni wọ́n parí ẹ̀" ṣeé yẹ̀wò. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò sírú ẹ̀", èrò ni látòkè délẹ̀.

Tí ọmọ yẹn bá tún takú, ẹ bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ní torí pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó fàlà sábẹ́ ìyẹn.